No-fault ní New York: ta ló ń san owó ìtọ́jú lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀?

Gbólóhùn kan wà tí a máa ń sọ tí ọkọ̀ bá ti forí sọ ọkọ̀: "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, irin ló bàjẹ́, ẹ̀mí ò bá a lọ." Òótọ́ ni, ọpẹ́ sì yẹ. Àmọ́ ní ìpínlẹ̀ New York, mo ti rí àwọn èèyàn wa tó dúró síbi ọpẹ́ yẹn títí gbèsè fi wọlé tọ̀ wọ́n. Èèyàn á jáde nínú ọkọ̀ ní Bronx, á na ara rẹ̀ wò, á rí i pé ẹsẹ̀ ń gbé òun, á sì sọ fún àwọn tó gbé áńbúláǹsì wá pé kí wọ́n máa lọ. Lálẹ́, á fi róòbù pa ọrùn. Lọ́jọ́ kejì, á gbé oògùn ara ríro mì, á lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí ọrùn kò yí mọ́, tí apá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á wá lọ bá dókítà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ fún un pé ó yẹ kó ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Á ní: "Ìnṣọ́ránsì ta? Èmi kọ́ ni mo lọkọ̀."

Inú ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí tó fi ń rú wa lójú kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní third party la bá nílé. Ní Nàìjíríà, dandan ni kí ọkọ̀ ní in. Láti January 2023, ₦15,000 ni ti ọkọ̀ ara ẹni lọ́dún, ₦5,000 ló sì wà tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe é fún. Bí mo bá fi ọkọ̀ mi gbá ọ, ìnṣọ́ránsì mi ló yẹ kó tọ́jú rẹ. Ẹsẹ̀ tèmi tó ṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Kí wọ́n sì tó san ohunkóhun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń wo ẹ̀bi kí wọ́n tó san owó ní Britain, ní Texas, ní Georgia, ní Illinois àti ní Maryland, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Ẹni tó bá wá dé New York láti Ìbàdàn, láti London tàbí láti Houston, ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tó jẹ̀bi ni yóò san. Kò purọ́. Ìlú tó ti wá ló ṣì ń gbé lọ́kàn rẹ̀.

New York yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn ní ọjọ́ kìíní oṣù February 1974, nígbà tí òfin no-fault tí wọ́n ṣe ní 1973 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ á san owó ìtọ́jú ẹni tó farapa láìkọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó farapa ní láti pe ẹni tó gbá a lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ kún fọ́fọ́. Ẹni tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ á máa retí ìdájọ́, ilé ìwòsàn á máa kọ lẹ́tà gbèsè sí i. Ẹni tí yìnyín mú kí ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ lọ forí sọ òpó iná, tí kò sí ẹlòmíràn lójú títì, kò tiẹ̀ rí ẹni tó máa pè lẹ́jọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ ń dà, àwọn lọ́yà ń jiyàn lórí ta ni iná pupa dá dúró. Massachusetts ló kọ́kọ́ yí i padà ní Amẹ́ríkà, ní January 1971. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e, New York sì wà lára wọn.

Orúkọ tí wọ́n fún un ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. "No-fault" kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ọlọ́pàá ṣì lè fún awakọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì méjèèjì ṣì máa jà lórí ẹni tó máa tún bọ́ńpà ṣe, ilé ẹjọ́ sì lè dá ẹnì kan lẹ́bi. Ohun tí òfin náà ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kò gbọdọ̀ dí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú lọ́wọ́. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá mi, màá ní: ìtọ́jú tí kì í béèrè ẹ̀bi. Awakọ̀ tó sá iná pupa kọjá pàápàá, wọ́n á tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí owó náà ń san

Ó kéré tán, $50,000 ni òfin ní kí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ní fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá farapa. Ẹ di "ẹnì kọ̀ọ̀kan" yẹn mú dáadáa. Bí èèyàn mẹ́rin bá wà nínú ọkọ̀, wọn kì í jókòó pín $50,000 kan. Oníkálukú ló ní tirẹ̀. Láti 1974 ni iye náà ti wà bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi kún un, bẹ́ẹ̀ owó ilé ìwòsàn kò dúró níbi tó wà nígbà yẹn. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn kan ṣoṣo lè gbé gbogbo rẹ̀ mì. Èrò tèmi ni pé ó ti pẹ́ jù tí àwọn aṣòfin fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lọkọ̀ lè ra àfikún $25,000 tí wọ́n ń pè ní OBEL, ó sì lè ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ẹ béèrè iye tó jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìnṣọ́ránsì fún yín kí ẹ tó sọ pé ẹ ò ṣe.

Ìtọ́jú ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà: áńbúláǹsì, ẹ̀ka pàjáwìrì, àwòrán eegun, iṣẹ́ abẹ, oògùn, fíṣíò, títí kan eyín tó kán. Dókítà kì í gba owó lọ́wọ́ yín. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ń kọ ìwé owó sí, iye tí òfin là sílẹ̀ ló sì máa gbà. Kò gbọdọ̀ yí padà sọ́dọ̀ aláìsàn kó ní kí ó fi díẹ̀ kún un.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn wa máa ń ṣe ní ilé ìwòsàn tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n á béèrè káàdì, ẹni náà á sì nawọ́ káàdì Medicaid, ìyẹn ètò ìlera ìjọba fún ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀, tàbí káàdì ìlera tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀ ló gbé yín dé ibẹ̀, no-fault ló ń kọ́kọ́ san, káàdì yòókù tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ọkọ̀ ni, kí ẹ sì fún wọn ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti nọ́ńbà tó wà lórí káàdì ọkọ̀ náà. Bí ẹ ò bá ì tíì mọ̀ ọ́n, ẹ sọ pé ẹ máa mú un wá.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, owó iṣẹ́ tó bọ́ ló kàn. 80% owó tó ń wọlé fún ẹni náà ni wọ́n ń san, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju $2,000 lóṣù, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ láti ọjọ́ ìjàǹbá. Ẹni tó ń gba $2,000 lóṣù nídìí títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn á rí $1,600. Ẹni tó ń gba $4,000, 80% tirẹ̀ jẹ́ $3,200, ṣùgbọ́n $2,000 ni wọ́n máa fún un. Owó tó bá sì rí gbà lábẹ́ ètò àìlera ti ìpínlẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí le fún àwọn tó ń dirun, àwọn tó ń se oúnjẹ àríyá, àwọn tó ń ran aṣọ nílé: ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á béèrè ẹ̀rí pé owó ń wọlé lóòótọ́, ìwé owó orí tí èèyàn fi ránṣẹ́ síjọba ni ẹ̀rí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tí kò ní in kò ní rọrùn fún láti fi hàn pé òun pàdánù ohunkóhun.

Àwọn ìnáwó kéékèèké náà wà níbẹ̀, $25 lójúmọ́ fún ọdún kan: tásì lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹni tí ẹ sanwó fún kó wá bá yín fọ aṣọ nítorí pé ọwọ́ yín wà nínú pọ́ọ̀pù. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Bí ẹni náà bá kú, $2,000 wà fún àwọn ará ilé rẹ̀ lórí $50,000 yẹn, kì í ṣe inú rẹ̀.

Ọkọ̀ tó bàjẹ́ kò sí nínú no-fault rárá. Ìrora náà kò sí nínú rẹ̀. Oorun tí kò wá mọ́, ẹ̀rù tó ń bani tí èèyàn bá ti gbọ́ tí ọkọ̀ fọn fèrè, no-fault kò san kọ́bọ̀ fún ìyà wọ̀nyẹn. Ọ̀nà mìíràn ni a máa gbà wá ìyẹn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

"Òun ló ṣojúure gbé mi, mi ò lè pè é lẹ́jọ́"

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀ ló ń san, yálà ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á tàbí ẹ jókòó sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn tàbí ẹ wà lórí kẹ̀kẹ́, ti ọkọ̀ tó gbá yín ni. Nínú bọ́ọ̀sì, ó yàtọ̀ díẹ̀: bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ní ọkọ̀ tó ní ìnṣọ́ránsì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ, bí kò bá sí, ti bọ́ọ̀sì ni.

Ibi tí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ ti wọ̀ ọ́ ni àwa ti ń ṣòfò jù. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n gbé nínú ọkọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ ní Brooklyn. Obìnrin tó wa ọkọ̀ náà, ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni, kò gba kọ́bọ̀. Ọkọ̀ mìíràn wá gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, eegun ìhà ìyá náà méjì sán. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù no-fault wá, ó ti í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹni tó gbé mi tó tún fún mi ní jọ̀lọ́ọ̀fù gbé dání, kí n wá pè é lẹ́jọ́? Kí ni mo máa sọ fún ẹgbẹ́?"

"Mọ́mì, ẹjọ́ kọ́."

"Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé yìí. Ẹjọ́ ni."

Mo mọ bó ṣe rí lára rẹ̀, nítorí ojú la fi ń jẹ ayé, a kì í fẹ́ kí wọ́n sọ pé a fi ibi san oore. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe ẹjọ́. Nígbà tí obìnrin náà ń san owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lóṣooṣù, ara ohun tó ń san ni ìtọ́jú ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ náà. Òfin ló fi sí i. Kò ṣeé yọ. Owó kò jáde lápò rẹ̀, wọn kò pè é sí kóòtù, wọn kò sì ní kí ìyá náà sọ pé òun ló fà á. Ìkíni tó wà láàárín wọn kò yẹ kó yí padà. Ká tiẹ̀ ní obìnrin náà ni kò dá dúró níbi tó yẹ, no-fault ò béèrè.

Ìgbà tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ pe ìyá náà lórí fóònù ni ọ̀rọ̀ tó wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú. Kí ni mo ń sanwó fún láti ọjọ́ yìí?" Ìyá náà buwọ́ lù ú ní ọjọ́ kẹrìnlélógún lẹ́yìn ìjàǹbá.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà, ti ìwé ìgbélùú. Òfin no-fault kò fi ìwé ìgbélùú ṣe òṣùwọ̀n ẹni tó yẹ kó gba ìtọ́jú. Ẹni tó farapa nínú ọkọ̀ ni ẹni tó farapa nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá

Ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lójú títì níbẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò káàdì náà. Kí ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀; ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ọlọ́pàá, ìbéèrè ń pọ̀ fún un. Awakọ̀ ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí DMV, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹnikẹ́ni bá farapa, MV-104 lorúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ ní láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Láti ọjọ́ ìjàǹbá ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín. Ìwé ni wọ́n ń fẹ́. Pípe fóònù kò tó. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò ni NF-2. Ó béèrè ìgbà àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń dùn, ibi iṣẹ́ yín, àti bóyá ọkọ̀ mìíràn wà nínú ilé yín. Bí fọ́ọ̀mù kò bá tíì dé, ẹ kọ lẹ́tà ṣókí: orúkọ yín, ọjọ́ náà, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tó máa fún yín ní ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn. Ṣáájú 2002, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n ń fún èèyàn, nítorí náà ẹ̀gbọ́n tó bá ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà lè fi tọkàntọkàn sọ fún yín pé oṣù mẹ́ta lẹ ní. Ẹ má tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó lé díẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 45, ni dókítà ní lẹ́yìn ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan láti fi ìwé owó ránṣẹ́. Ẹ̀rí owó iṣẹ́ tó bọ́, ọjọ́ 90. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà ní ọjọ́ tiwọn: tí ẹ̀rí bá ti pé lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san án tàbí kí wọ́n kọ̀wé pé àwọn ò san, kí wọ́n sì sọ ìdí. Bí wọ́n bá kọjá rẹ̀, èlé 2% ń gorí owó náà lóṣooṣù. Ìwé kíkọ̀ náà, NF-10, kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà tí òfin yàn tàbí sí ilé ẹjọ́. Ẹ má ju ìwé yẹn sínú dúrọ́ọ̀.

Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi pè yín wá sọ́dọ̀ dókítà tiwọn. Wọ́n ń pè é ní IME. Dókítà yẹn kò tọ́jú yín o. Ó wá wò bóyá ẹ ṣì nílò ìtọ́jú, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló sì ń san owó rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ pé ara yín ti yá, wọ́n lè dá owó fíṣíò dúró lọ́jọ́ kejì. Inú èmi kì í dùn sí i, nítorí mo ti rí ẹni tó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú igi ìtìlẹ̀ tí wọ́n ní nǹkan kan kò ṣe é. Síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tí kò bá yọjú, gbogbo owó rẹ̀ ni wọ́n lè dá dúró. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín bó ṣe ń dùn yín. Ẹ rántí pé àṣà wa ni ká dáhùn "A dúpẹ́" tí wọ́n bá béèrè bí ara ṣe rí. Níwájú dókítà yìí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ti le. Wọ́n tún lè pè yín kí ẹ wá dáhùn ìbéèrè lábẹ́ ìbúra. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá rọrùn fún yín, ẹ sọ ṣáájú ọjọ́ náà pé ẹ nílò ògbufọ̀, kí ẹ má sì buwọ́ lu ìwé tí ẹ ò kà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ kejì ìjàǹbá tí ẹ ò mọ̀ rí, tó ní òun mọ dókítà kan, òun mọ lọ́yà kan, òun á fi ọkọ̀ gbé yín lọ. Owó ni wọ́n ń san fún un lórí yín. Ilé ìtọ́jú irú wọn á ṣe àyẹ̀wò tí kò yẹ títí $50,000 yín fi máa tán, nígbà tí iṣẹ́ abẹ tí ẹ nílò gan-an bá sì dé, kò ní sí nǹkan kan nílẹ̀. Ẹ yan dókítà yín fúnra yín.

Àwọn tí no-fault kò wọlé fún

Ẹni tó ni ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì, tó sì farapa nínú rẹ̀, kò ní rí i gbà. Ẹni tó wà lórí alùpùpù náà kò sí nínú rẹ̀, èyí sì ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù bá gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni yẹn lè gbà. Ẹni tó mutí yó wakọ̀, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹni tó mọ̀ pé ọkọ̀ tí òun wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti olè: ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ fún wọn. Ti ọ̀mùtí, ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ sísan.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ lẹ wà, bí ẹni tó ń wakọ̀ láti ilé aláìsàn kan lọ sí òmíràn, ètò ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ san. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ọkọ̀ bá gbá yín níbi tí ẹ ti ń fẹsẹ̀ rìn, tó sì sá lọ ńkọ́? Bí ẹ bá ní ọkọ̀, tàbí ẹbí tó ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú yín ní ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yẹn ló máa san. Bí kò bá sí ọkọ̀ kankan nílé, àjọ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún èyí, MVAIC. Wọ́n á fẹ́ kí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Nípa ẹjọ́ gan-an

Ọ̀nà kejì nìyí, òun sì ni ìrora àti ìyà ń gbà. Ohun tí New York gbà lọ́wọ́ wa nígbà tó fún wa ní ìtọ́jú láìbéèrè ẹ̀bi ni ẹ̀tọ́ láti máa pe ẹjọ́ lórí gbogbo ara ríro. Kí ẹ tó lè pe ẹni tó jẹ̀bi lẹ́jọ́ nítorí ìyà tó jẹ yín, ìpalára náà gbọ́dọ̀ wà lára èyí tí òfin kà sí ńlá: ikú, ẹ̀yà ara tó gé, àpá tó ba èèyàn ní ìrísí jẹ́, eegun tó ṣẹ́, oyún tó bàjẹ́, ẹ̀yà ara tí kò lè ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ẹ kò bá lè ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ yín fún ó kéré tán àádọ́rùn-ún ọjọ́ nínú ọgọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn náà wọlé. Ìwé dókítà ló máa jẹ́rìí sí i. Ẹni tó ń fi agbára lọ síbi iṣẹ́ láìsọ̀rọ̀, tí kò lọ sọ́dọ̀ dókítà títí oṣù mẹ́ta, ó ti pa ẹ̀rí ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Eegun ìhà ìyá yẹn, eegun tó sán ni, ó wọlé.

Níbi ẹjọ́ yìí ni ẹ̀bi ti padà wá. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin náà fa ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, wọ́n á yọ ìdá 30 nínú owó yín. Ọdún mẹ́ta lẹ ní láti pè é, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkọ̀ ìlú tàbí bọ́ọ̀sì ìjọba, ìwé kan gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì tó kéré jù tí òfin gbà fún ìpalára ẹnì kan jẹ́ $25,000. Bí ẹni tó gbá yín bá jẹ́ èyí tó kéré yẹn ló rà, tí kò sì ní ohun ìní, ibẹ̀ ni owó náà máa parí sí, àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti ra èyí tí wọ́n ń pè ní SUM sórí ọkọ̀ yín, ìyẹn àfikún tó ń san fún yín nígbà tí ìnṣọ́ránsì ẹni tó gbá yín kò bá tó. Bí mo bá ní kí ẹnì kan fi dọ́là díẹ̀ kún ohun tó ń san, orí ìyẹn ni màá ní kó fi sí.

Ẹ má fi èyí gba ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn nímọ̀ràn o. Kọjá odò lọ sí New Jersey, no-fault wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì ló ń yan iye tó fẹ́ fún ìtọ́jú, òun náà ló sì ń yan bóyá òun fẹ́ di ẹ̀tọ́ ẹjọ́ òun mú pátá tàbí kó jọ̀wọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí owó lè dínkù. Ọ̀pọ̀ ló ti buwọ́ lu èyí tó dínkù láìmọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ó ku ẹni tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ìlànà gbà pé kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wo ìdí tó fi pẹ́, bí ìdí náà bá mọ́gbọ́n dání. Kó fi NF-2 ránṣẹ́ lónìí, kó má dúró de ọ̀la, kó sì so lẹ́tà mọ́ ọn: pé èrò ọkọ̀ lòun, pé òun kò mọ ilé-iṣẹ́ tó ni ìnṣọ́ránsì náà títí di ọjọ́ báyìí, pé ìgbà báyìí ni apá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kó fi ìwé dókítà tì í. Bí ó bá wà ní ilé ìwòsàn nígbà náà, kó sọ ọ́. Wọ́n lè kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ìwé tí wọ́n fi kọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lè ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́, onílàjà ló sì máa wò ó lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ tó kọ lẹ́tà yẹn ni wọ́n máa wò, nítorí náà kó kọ déètì sí i, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó sì mú rìsíìtì ilé-ìfìwéránṣẹ́ dání wálé.